Oríkèé Ẹ̀rọ: Ọ̀nà Ìsopọ̀ àti Ìtòpọ̀ nínú Ìpèsè Ẹ̀rọ Mẹkatírónììkì

1.0 Ìfáárà

Ní ọdún 1969 ni Tetsuro Mori, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilé-iṣẹ́ Yaskawa ní ilẹ̀ Jàpáàn, mú ìdajì ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún ìmọ̀ ẹ̀rọ onírin, ó fi kún ìdajì ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún ìmọ̀ ohun èlò abánáṣiṣẹ́, ó sì pe àdàlù náà ní mẹkatírónììkì. Ohun tí orúkọ yìí ń tọ́ka sí kò fara sin. Ẹ̀rọ tí ó bá ní ẹ̀yà tí ń yí tàbí tí ń rìn, tí ó ní sẹ́ńsọ̀ tí ń mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, tí ó sì ní áísì tí ń ṣe ìpinnu, ẹ̀rọ mẹkatírónììkì ni. Ìjánu ọkọ̀ tí kì í jẹ́ kí táyà yọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà, apá irin tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá, àti kámẹ́rà inú fóònù tí ń sún dígí rẹ̀ síwá sẹ́yìn kí àwòrán lè mọ́ gaara, abẹ́ orúkọ yìí ni gbogbo wọn wà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ lórí irú ẹ̀rọ báyìí, áísì àti mọ́tò ni àwọn ènìyàn sábà máa ń mẹ́nu bà. Oríkèé, ìyẹn ojú ibi tí ẹ̀yà kan ti pàdé èkejì, kì í sábà rí ẹni sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ojú oríkèé gan-an ni àárẹ̀ sábà máa ń gbà wọ inú ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gba orúnkún wọ ara àgbàlagbà. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dáwọ́ lé ni láti ṣàlàyé ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n fi ń so ẹ̀yà ara ẹ̀rọ mẹkatírónììkì pọ̀, láti fi ohun tí ó ń ba oríkèé wọ̀nyí jẹ́ hàn, àti láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ó yan oríkèé ti yan ẹni tí yóò lè tún ẹ̀rọ náà ṣe, yálà ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀.

2.0 Ìbéèrè Mẹ́ta tí Oríkèé Gbọ́dọ̀ Dáhùn

Ìsopọ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Nígbà tí igbá bá sán, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gán yóò lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú sísán náà, yóò sì fi okùn gán an pọ̀. Igbá tí wọ́n gán lè gba ọkà, ó lè gba ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ó lè má gba omi mọ́. Èyí fi hàn pé oríkèé kan lè yege ní ọ̀nà kan kí ó sì kùnà ní ọ̀nà mìíràn. Nítorí náà, kò tọ́ kí ènìyàn béèrè pé, 'Ṣé oríkèé yìí dára?' láìsọ ohun tí ó fẹ́ kí ó ṣe.

Nínú ẹ̀rọ mẹkatírónììkì, ìbéèrè mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì. Èkíní ni pé: ṣé yóò dì í mú, bí ẹ̀rọ bá ń mì, tí ó ń gbóná, tí ó sì ń tutù? Èkejì ni pé: ṣé yóò jẹ́ kí iná tàbí ooru kọjá níbi tí ó yẹ, kí ó sì dí wọn níbi tí kò yẹ? Ẹ̀kẹta ni pé: ṣé yóò ṣe é tú láìba ẹ̀yà jẹ́, ta ni yóò sì lè tú u? Inú ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń dán ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ wò kí ẹ̀rọ tó jáde. Ọwọ́ ẹlòmíràn, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ni ìdáhùn ẹ̀kẹta máa ń bọ́ sí.

3.0 Ọ̀nà Márùn-ún

Ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún inú èdè Yorùbá kárí gbogbo ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀: dè, há, lẹ̀, jó àti rán.

3.1 Dídè

Síkúrù, bóòtì àti nọ́ọ̀tì ni irinṣẹ́ ìdè. Ohun tí ń mú síkúrù di nǹkan mú ni pé bí wọ́n ti ń yí i, ọ̀pá rẹ̀ ń nà díẹ̀, ó sì fẹ́ sún kì, bí rọ́bà tí wọ́n fà. Fífà yìí ni ó fún ẹ̀yà méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú agbára tí ọwọ́ lò kì í dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá pín agbára tí wọ́n fi yí síkúrù sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 50 ni orí síkúrù yóò fi họ ojú irin, nǹkan bí 40 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi họ ara wọn nínú ihò, nǹkan bí 10 péré ni ó kù fún fífà. Bí òróró bá kan síkúrù, tí ìhọra dín láti 90 sí 85, fífà yóò ti kúrò ní 10, yóò di 15, ìyẹn ìlọ́po kan àti ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tí ó yí i kò yí padà. Síkúrù kékeré lè já nítorí èyí.

Ọ̀tá síkúrù ni ìmì. Ní ọdún 1969 kan náà, Gerhard Junker, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi hàn pé ìmì tí ń ti ẹ̀yà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ni ó tètè ń tú síkúrù jù, nítorí pé nígbà tí ojú méjì bá ń yọ̀ lórí ara wọn, ìhọra tí ń dá síkúrù dúró kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n sí ìbéèrè ẹ̀kẹta, kò sí oríkèé tí ó dáhùn dáadáa tó ìdè: ohun tí wọ́n fi dè é náà ni wọ́n yóò fi tú u.

3.2 Híhá

Irú oríkèé yìí kò ní síkúrù, kò ní gọ́ọ̀mù. Wọ́n á ṣe ẹ̀yà kan kí ó tóbi díẹ̀ ju ihò tí yóò wọ̀ lọ, wọ́n á sì tì í wọlé. Nínú àpótí ìdarí ọkọ̀, wọ́n máa ń há pín-ìnnì bàbà sínú ihò pánẹ́ẹ̀lì báyìí. Àárín pín-ìnnì náà ní ojú bí ojú abẹ́rẹ́, kí ó lè fún pọ̀ bí ó ti ń wọlé, kí ó sì máa ti ògiri ihò láti inú. Irin àti irin yóò fara mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò ní ráàyè láàárín wọn láti dá ìpẹtà sílẹ̀. Kò sí ooru nínú iṣẹ́ yìí rárá.

Ìbátan rẹ̀ ni ìkọ́ oníke, irú èyí tí ń dún 'kọ́' bí ènìyàn bá ti ìdérí rímóòtù padà. Apá ike kékeré ni ó ń tẹ̀, tí ó sì ń padà bọ̀ sípò. Níbí, gígùn ni oògùn. Nínaka tí ike ń nà bí ó ti ń tẹ̀ máa ń dín kù ní ìwọ̀n gígùn apá náà lọ́nà méjì: bí wọ́n bá sọ gígùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, nínà náà yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìkọ́ tí ó kúrú tí ó sì nípọn yóò kán ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣí i. Ìkọ́ tí ó gùn díẹ̀ yóò ṣí lọ́pọ̀ ìgbà.

3.3 Lílẹ̀

Gọ́ọ̀mù ń pín ẹrù sí gbogbo ojú ibi tí ó kàn, kò sì nílò ihò. Ó lè so dígí mọ́ irin, ó lè so ike mọ́ seramíìkì. Èyí tí wọ́n po ìfọ́ fàdákà mọ́ ń gba iná kọjá. Èyí tí kò ní i ń dí iná. Àwọn kan ń gan nígbà tí wọ́n bá po apá méjì pọ̀, àwọn mìíràn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ aláìrí tí ó ré kọjá àwọ̀ àlùkò bá kàn wọ́n.

Àìlera gọ́ọ̀mù wà ní etí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fa téèpù ní gbọọrọ lórí tábìlì yóò fà á tì, ṣùgbọ́n bí ó bá fi èékánná gbé etí rẹ̀, yóò bó wẹ́rẹ́. Ìdí ni pé nígbà tí wọ́n ń fà á ní gbọọrọ, gbogbo ojú gọ́ọ̀mù ni ó ń jà. Nígbà tí wọ́n ń bó o, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń dá jà. Nítorí náà, olùṣètò tí ó gbọ́n kì í jẹ́ kí ẹrù máa bó gọ́ọ̀mù láti etí. Bákan náà, gọ́ọ̀mù kì í dárí ji ìdọ̀tí: ọ̀rá ìka kan ṣoṣo lójú irin tó láti ba oríkèé jẹ́.

3.4 Jíjó

Jíjó pín sí ọ̀nà méjì. Nínú èkíní, ẹ̀yà méjèèjì ni ó ń yọ́ tí ó sì ń dàpọ̀, gẹ́gẹ́ bí wẹ́dà ti ń ṣe. Nínú ẹ̀rọ kékeré, iná lésà ni wọ́n sábà máa ń lò fún èyí, nítorí pé ojú ibi tí ó gbóná kò ju ìdá kan nínú mìlímítà lọ. Nínú èkejì, ẹ̀yà kò yọ́. Irin mìíràn tí ó tètè ń yọ́ ni wọ́n dà sáàárín wọn. Èyí ni àwọn atún-rédíò-ṣe ń pè ní jíjó lẹ́ẹ̀dì.

Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, tánganran ìdá 63 àti òjé ìdá 37 nínú 100 ni lẹ́ẹ̀dì náà, ó sì ń yọ́ ní 183°C. Nígbà tí ó bá yọ́ sórí bàbà, kì í kàn ń lẹ̀ mọ́ ọn. Tánganran yóò jẹ bàbà díẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì bí irin kẹta tí kì í ṣe èkíní tí kì í ṣe èkejì. Ìpele tín-ínrín irin kẹta yìí ni ẹ̀rí pé oríkèé ti mú. Ṣùgbọ́n ó le, ó sì ń fọ́ bí àwo. Bí ooru bá pọ̀ jù tàbí tí ó bá pẹ́ jù, yóò nípọn, oríkèé yóò sì máa kán níbẹ̀. Oje igi páìnì tí wọ́n ń fi síbẹ̀ kí wọ́n tó jó o ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ni ó ń jẹ ìpẹtà kúrò lójú bàbà kí tánganran lè rí bàbà gidi.

3.5 Rírán

Inú áísì ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ojú lásán kò sì lè rí i dáadáa. Okùn wúrà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi máíkírómítà 25, tí kò tó ìdajì ìbú irun orí, ni ẹ̀rọ fi ń rán sílíkọ́ọ̀nù mọ́ ẹsẹ̀ áísì. Okùn náà kò yọ́ lójú ibi tí ó ti mú. Wọ́n á gbóná rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ gbọ̀n ọ́n títí tí yóò fi mọ́ ojú aluminíọ̀mù tí ó wà lórí sílíkọ́ọ̀nù.

Wúrà àti aluminíọ̀mù kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé pọ̀ ní àlàáfíà. Bí ooru bá pọ̀, àdàpọ̀ aláwọ̀ elésè àlùkò yóò hù láàárín wọn, àwọn ihò wẹ́wẹ́ yóò sì ṣí nítorí pé irin kan ń yára ṣí lọ ju èkejì lọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pe èyí ní àjàkálẹ̀ àrùn elésè àlùkò. Okùn tí ó ní in lè gbé iná fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò ṣí ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí.

4.0 Ohun tí Ooru Ń Ṣe

Gbogbo ohun ni ó ń fẹ̀ bí ó bá gbóná, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ̀ bákan náà. Bí ooru bá fi 1°C lọ sókè, sílíkọ́ọ̀nù tí ó gùn ní mítà kan yóò fẹ̀ ní nǹkan bíi máíkírómítà 2.6, pánẹ́ẹ̀lì onígíláàsì yóò fẹ̀ ní nǹkan bíi 16, aluminíọ̀mù yóò fẹ̀ ní nǹkan bíi 23.

Ẹ jẹ́ kí áísì kan gùn ní mìlímítà 10, kí sílíkọ́ọ̀nù rẹ̀ sì wà lórí pánẹ́ẹ̀lì ní tààrà. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá gbé ooru sókè ní 100°C, pánẹ́ẹ̀lì yóò fẹ̀ ju sílíkọ́ọ̀nù lọ ní nǹkan bíi máíkírómítà 13, ìyẹn nǹkan bí 6 sí 7 ní etí kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n náà kéré lójú, ṣùgbọ́n ojú lẹ́ẹ̀dì tín-ínrín ni yóò gbé e, yóò sì tún gbé e padà nígbà tí ọkọ̀ bá tutù. Ní àwọn ọdún 1950, Coffin àti Manson, oníkálukú lọ́tọ̀, fi hàn pé bí ìyẹ̀síhìn-ín-yẹ̀sọ́hùn-ún irin bá ti pọ̀ tó ni iye ìgbà tí yóò fara dà á ń dín kù, ó sì ń yára dín kù ju bí ìyẹ̀ náà ti ń pọ̀ lọ. Ohun tí ènìyàn ń rí nígbà tí ó bá tẹ okùn irin síwá sẹ́yìn títí tí ó fi já náà ni èyí, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀: kí wọ́n fún oríkèé ní ẹsẹ̀ tí ó lè tẹ̀, kí wọ́n da gọ́ọ̀mù sí abẹ́ áísì kí ó bá lẹ́ẹ̀dì pín ẹrù, tàbí kí wọ́n yan ohun èlò tí fífẹ̀ wọn sún mọ́ra. Ọ̀nà kejì mú oríkèé lágbára, ṣùgbọ́n ó sọ áísì náà di ohun tí yíyọ rẹ̀ le gan-an.

5.0 Òjé àti Irun Tánganran

Òjé jẹ́ májèlé, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí èyí ni òfin àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù fi sọ pé láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2006, òjé kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.1 nínú 100 lọ nínú ohun èlò abánáṣiṣẹ́ tuntun tí ó bá wọ ọjà, àyàfi àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kárí ayé yí padà. Lẹ́ẹ̀dì tuntun tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ tánganran ìdá 96.5, fàdákà ìdá 3 àti bàbà ìdá 0.5. Ó ń yọ́ láàárín 217°C àti 220°C, ìyẹn nǹkan bí 35°C ju ti àtijọ́ lọ. Gbogbo ike, gbogbo gọ́ọ̀mù àti gbogbo sẹ́ńsọ̀ tí yóò bá pánẹ́ẹ̀lì wọ inú ààrò ni ó gbọ́dọ̀ fara da ooru tuntun yìí.

Ìṣòro mìíràn tún jẹyọ. Tánganran tí kò ní àdàlù a máa hu irun. Irun náà jẹ́ irin gidi, kò ju máíkírómítà mélòó kan lọ ní ìbú, ó sì lè gùn tó mìlímítà mélòó kan. Bí ó bá kan ẹsẹ̀ áísì kejì, yóò gbé iná lọ síbi tí kò yẹ. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti mọ̀ pé òjé díẹ̀ nínú tánganran máa ń dá irun yìí dúró. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1998, sátẹ́láìtì Galaxy IV pàdánù ìdarí rẹ̀, àìmọye péjà sì dákẹ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Irun tánganran ni àwọn olùwádìí gbà pé ó fa ìkùnà ẹ̀rọ ìdarí rẹ̀ kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tẹ́ níkẹ́ẹ̀lì sábẹ́ tánganran lónìí, tí wọ́n sì ń fi ooru ṣẹ́ ẹ rọ̀ tàbí kí wọ́n fi ọ̀dà bo ojú pánẹ́ẹ̀lì.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òjé ń ṣe iṣẹ́ méjì nínú oríkèé, wọ́n sì yọ ọ́ nítorí ìlera, gẹ́gẹ́ bí ó ti tọ́. Iṣẹ́ kejì náà kò gbọdọ̀ wà láìní ẹni tí yóò ṣe é.

6.0 Ìtòpọ̀

Bí wọ́n bá ti yan oríkèé, ó ku èyí tí yóò ṣáájú. Òfin àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ tí ooru rẹ̀ ga jù ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Rírán okùn wúrà yóò ti parí nínú áísì kí áísì tó dé orí pánẹ́ẹ̀lì. Pánẹ́ẹ̀lì yóò ti jáde nínú ààrò kí mọ́tò oníke tó dé. Gọ́ọ̀mù tí kò fẹ́ ooru yóò tẹ̀ lé e. Síkúrù àti ìkọ́ ni yóò kẹ́yìn. Òfin kejì ni pé àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ṣáájú oríkèé tí kò ṣe é tú. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá lẹ ìdérí kí ó tó dán ẹ̀rọ wò yóò máa da ẹ̀yà tí kò ṣẹ̀ nù pẹ̀lú èyí tí ó ṣẹ̀.

Geoffrey Boothroyd àti Peter Dewhurst, tí iṣẹ́ wọn lórí ìtòpọ̀ gbòòrò ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, dá ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan: Ṣé ó gbọ́dọ̀ máa rìn nígbà tí èyí tí ó kù dúró? Ṣé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun èlò ọ̀tọ̀? Ṣé ó gbọ́dọ̀ dá wà kí ìtòpọ̀ tàbí ìtúpalẹ̀ lè ṣe é ṣe? Bí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n pa ẹ̀yà náà pọ̀ mọ́ òmíràn. Ọ̀nà yìí ń dín owó kù, nítorí pé síkúrù púpọ̀ ni kì í yege ìbéèrè wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbàgbé ìdajì ìkẹyìn ìbéèrè kẹta, ìyẹn ìtúpalẹ̀, yóò yọ síkúrù kúrò, yóò sì fi gọ́ọ̀mù dípò, láìwo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

7.0 Èyí tí Ó Yẹ kí Ó Tú àti Èyí tí Kò Yẹ

Ẹ̀rọ méjì lè fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Èkíní ni àpótí ìdarí àpò afẹ́fẹ́ ààbò inú ọkọ̀. Nínú ìkọlù, sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀, áísì gbọ́dọ̀ pinnu, àpò sì gbọ́dọ̀ kún kí orí awakọ̀ tó dé ibi ìtọ́kọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Àpótí yìí lè wà nínú ọkọ̀ fún ọdún 15 láìṣe nǹkan kan, kí wọ́n sì wá retí pé ní ọjọ́ kan ṣoṣo kò ní kùnà. Bí okùn wúrà kan bá ṣí nínú rẹ̀, ẹ̀mí lè lọ sí i. Nítorí náà ni wọ́n fi ń há pín-ìnnì rẹ̀, tí wọ́n ń jó áísì rẹ̀, tí wọ́n sì ń dí ìdérí rẹ̀ pa. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa tú u ní ẹ̀bá ọ̀nà. Síkúrù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó mú un mọ́ ara ọkọ̀ ni ó yẹ kí ó tú, kí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ lódindi.

Èkejì ni fóònù. Bátìrì rẹ̀ yóò kú kí èyí tí ó kù nínú fóònù tó kú; oníṣẹ́ ẹ̀rọ mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ fóònù, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi mú bátìrì, gọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi mú dígí ẹ̀yìn. Ní ọjà Computer Village ní Ìkẹjà, níbi tí àìmọye fóònù ti ń gba ìtúnṣe, atúnṣe yóò gbé fóònù sórí àwo gbígbóná kí gọ́ọ̀mù lè rọ̀, yóò sì fi ike pẹlẹbẹ gbé e díẹ̀díẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yẹ̀, dígí yóò fọ́. Bí bátìrì lítíọ̀mù bá tẹ̀ tàbí tí ó lu, ojú méjì inú rẹ̀ yóò kanra, ó sì lè gbiná. Bí ó bá fẹ́ yọ áísì, ó lè fi lẹ́ẹ̀dì olójèé ti àtijọ́ kún ti tuntun kí ó lè tètè yọ́. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n òjé tí òfin yọ kúrò ní ilé-iṣẹ́ ti padà wọlé láti ẹnu ọ̀nà ìtúnṣe. Èyí tí kò bá ṣe é tú rárá lè bá ara rẹ̀ ní àkìtàn, níbi tí àwọn kan ti ń sun wáyà nítorí bàbà inú rẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ń wọ àyà àwọn tí kò fọwọ́ kan fóònù náà rí.

Kì í ṣe pé ìmọ̀ ni kò sí. Gọ́ọ̀mù onírọ́bà kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá fa etí rẹ̀ ní gbọọrọ, yóò nà, yóò sì tín-ínrín, yóò sì jáde lábẹ́ bátìrì láìba nǹkan jẹ́. Òfin àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2023 lórí bátìrì pàṣẹ pé láti ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2027, bátìrì ohun èlò alágbèéká gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tí ó ni ín lè yọ kí ó sì pààrọ̀, àyàfi àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Òfin náà kò dárúkọ Ìkẹjà, ṣùgbọ́n fóònù tí wọ́n bá ṣe nítorí rẹ̀ yóò dé Ìkẹjà.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Àlàyé tí ó ṣáájú fi hàn pé ọ̀nà márùn-ún, dídè, híhá, lílẹ̀, jíjó àti rírán, ni wọ́n fi ń so ẹ̀rọ mẹkatírónììkì pọ̀, àti pé olúkúlùkù ní ọ̀tá tirẹ̀: ìmì fún síkúrù, kíkúrú fún ìkọ́, etí fún gọ́ọ̀mù, ooru àti irun fún lẹ́ẹ̀dì, àdàpọ̀ elésè àlùkò fún okùn wúrà. Kò sí èyí tí ó dára ju gbogbo wọn lọ. Ohun tí ó wà ni èyí tí ó bá iṣẹ́ mu.

Ìlànà kan ni ó yẹ kí olùṣètò mú lò. Kí ó kọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà sílẹ̀, kí ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan iye ọdún tí ó rò pé yóò lò. Oríkèé tí ó wà láàárín ẹ̀yà méjì tí ọjọ́ ikú wọn jọra lè jẹ́ èyí tí kì í tú. Oríkèé tí ó wà láàárín èyí tí yóò tètè kú àti èyí tí yóò pẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é tú pẹ̀lú irinṣẹ́ tí atúnṣe ní lọ́wọ́. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé èyí, àpótí ààbò ọkọ̀ yóò wà ní dídí pa gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, bátìrì fóònù yóò sì jáde ní ìrọ̀rùn. Bí wọn kò bá tẹ̀ lé e, ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yan oríkèé ni yóò máa fi ọwọ́ àti èémí rẹ̀ san owó rẹ̀.